Ẹni tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé Bọ́ọ̀lù fún

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Abdulmumini pè láti Àbújá. Mo kọ́ ọ ní eré ìdárayá nígbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Ó ti ní in báyìí, ó sì ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù: gáàdì — ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí ń sọ fún àwọn mẹ́rin yòókù ibi tí wọn yóò dúró sí. Ó gbọ́ pé ọmọkùnrin kan wà ní Táńkẹ́. Kí n bá òun wò ó, kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Mo ní orúnkún mi kò dára. Ó ní kì í ṣe orúnkún mi ni òun ń wá.

Ó ní: "Ẹ̀yin kì í yin ènìyàn, Mà. Ìdí nìyẹn."

N kò mọ̀ bóyá ìyìn nìyẹn.

Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Pé ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, ó ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá a lè kó ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò mú un. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ Kàdúná kan ń dúró.

Mo gbà.

Àlàrùba, 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Táńkẹ́ lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Awakọ̀ bi mí bóyá ọmọ-ọmọ mi ni mo fẹ́ bẹ̀ wò ní yunifásítì. Mo ní rárá. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Pápá náà wà lẹ́yìn àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Sìmẹ́ńtì. Ó ti sán. Òrùka apẹ̀rẹ̀ kan tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ń kí ènìyàn. Wọ́n gbé àga oníke fún mi, wọ́n kó ṣòkòtò ẹnì kan kúrò lórí rẹ̀.

Kóòṣì wọn ni Qasim. Fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kódà bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, Fèrè ni. Ọmọ tí mo wá wò ni Toyyib, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni èmi yóò máa pè é — bí ó ṣe ń sáré, tí ó dúró lójijì, tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, tí ó tún sáré.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Kì í wo bọ́ọ̀lù bí ó bá ń ta á nílẹ̀. Kì í wo ibi tí ènìyàn wà. Ibi tí onítọ̀hún ń lọ ló ń wò. Èyí kò ṣe é kọ́. Mo ti gbìyànjú láti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, mo mọ̀.

Kò ga. Èjìká rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹni tí ó bá tóbi yóò tì í kúrò lójú ọ̀nà. Oúnjẹ lè tún ìyẹn ṣe. Bọ́ọ̀lù jíjù láti ọ̀nà jíjìn: ó dára, kò dára púpọ̀.

Ó kí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó kí mi nígbà tí wọ́n sinmi, ó kí mi nígbà tí wọ́n parí. Ó lóṣòó ní gbogbo ìgbà náà. Mo ní ó tó. Ó lóṣòó láti gbọ́ pé ó tó.

Àlàmísì, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Orúnkún. N kò lọ sí ibì kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n bá àwọn ọmọ Ọ̀fà gbá. Wọ́n pàdánù. Ó yẹ kí wọ́n borí.

Ní òpin, àmì kan péré ni àwọn ọmọ Ọ̀fà fi ṣáájú. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó tan ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ọ̀nà sí apẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Túndé, ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù sínú apẹ̀rẹ̀ jùlọ nínú wọn, dá dúró lápá ọ̀tún bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lọ. Kò fún Túndé. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún ọkùnrin gíga kan lápá òsì, tí ẹni méjì dì mọ́. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà ni Gàní. Àáfà ni, ó ń kọ́ ọmọdé ní kéwú. Ṣòkòtò gígùn ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ga, ara rẹ̀ le, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, bọ́ọ̀lù kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́-Ọṣẹ ni èmi yóò máa pè é.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún Abdulmumini pé ojú ọmọ náà máa ń fọ́ bí nǹkan bá le. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ojú rẹ̀ kò fọ́.

Nígbà ìdánrawò, ó ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tí ó bá yẹ. Ṣùgbọ́n bí Fèrè bá ti ní, "Èyí tó kẹ́yìn nìyí, ẹgbẹ́ tó bá pàdánù á sáré yí pápá ká," Ọwọ́-Ọṣẹ ló ń gbé e fún. Nígbà gbogbo. Wọ́n sáré yí pápá ká. Ọwọ́-Ọṣẹ náà sáré, kò ráhùn.

Mo tẹ́tí sílẹ̀ lónìí ju bí mo ṣe wò lọ. Gáàdì gbọ́dọ̀ lè pàṣẹ. Ó sọ fún Túndé pé: "Túndé, jáde." Ó sọ fún Zakari, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń dúró lẹ́yìn, pé: "Zaki, dúró." Ó sọ fún Ọwọ́-Ọṣẹ pé: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún sí ọ̀tún díẹ̀, sà."

Kí ó tó dé "sà", bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo bi Fèrè ìdí tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ fèrè lẹ́nu; mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

Ó ní: "Màmá, Àáfà Gàní ló kọ́ ọ ní kéwú. Láti orí álífù. Òun ló dúró tì í títí ó fi ka Kùránì tán, tó ṣe wòlímọ̀. Ta ló máa wá gba bọ́ọ̀lù mọ́ Àáfà ẹ̀ lọ́wọ́?"

Mo ní kí ó mú Àáfà jókòó bí eré bá ń lọ sí òpin, kí ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní: "Bàbá Àáfà ló kọ́ èmi náà."

Mo ní Túndé ńkọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò ṣe kéwú lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí Túndé sọ̀rọ̀.

Ó ní: "Yàrá tí Túndé ń gbé, ilé Àáfà ni."

Ó dá fèrè padà sẹ́nu.

Àlàmísì, 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ wá sí ilé mi. Husseinat ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ta ọkà bàbà àti ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà. Ó gbé wàrà wá nínú ike, ó ṣì gbóná. N kò mọ ẹni tí ó júwe ilé mi fún un. Mo fura sí Fèrè.

Ó ní: "Hájíà, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Mo ní dáadáa ni mo ń wò ó.

Ó ní: "Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Mo ní kí ó jókòó. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń kọ́ kéwú ní ìdí wàláà. Àáfà Gàní ló dúró bíi bàbá fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, òun ìyá ní ìrànù ni. Àáfà ló wá jókòó ní ìsọ̀ òun títí ọjà fi tú, tí ó ń bẹ òun. Ó ní kí òun jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Òun Àáfà yóò máa bá a lọ sí pápá, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lọ́nà. Nígbà tí ó sì ti wà ní pápá, wọ́n ní kí ó kúkú gbá.

Bí Àáfà ṣe di agbábọ́ọ̀lù nìyẹn.

Ó ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń bá òun gbé àpò ọkà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀. Bí Àbújá kò bá gbà á, ìdí àpò náà ni yóò wà. Ó ní òun kò bẹ̀ mí pé kí n purọ́. Kò sunkún. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Mo jẹ wàrà náà. Kò yí nǹkan kan padà. Ó dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo dá Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn ìdánrawò. Ó lóṣòó. Mo ní kí ó dìde. Ó dìde ààbọ̀.

Mo bi í pé ta ni àyè ṣí sílẹ̀ fún ní òpin eré àwọn ọmọ Ọ̀fà.

"Túndé, Mà."

Ta tún ni?

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi náà, Mà."

Ta ni àyè kò ṣí sílẹ̀ fún rárá?

Kò fẹ́ tú Àáfà rẹ̀ fó níwájú mi.

Mo bi í ìdí tí ó fi gbé e fún un. Ó ní: "Àáfà nawọ́, Mà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣàlàyé pé òjò ló rọ̀ tí ilẹ̀ fi tutù. "Bí àgbà bá nawọ́ — ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Mà."

Mo mọ̀ ọ́n.

Mo sọ fún un pé nínú eré tí ń bọ̀, bí ó bá ku díẹ̀, tí àyè ṣí, kí ó jù ú fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Inú mi dùn sí ara mi títí mo fi dé ilé.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ìdènà rẹ̀ dára. Ọwọ́ rẹ̀ yá; ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ènìyàn kí onítọ̀hún tó mọ̀. Bí ẹni tí ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bá dàgbà jù ú, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, sà," bí ó ṣe ń sá lọ. Mo kọ ìdènà sílẹ̀ lábẹ́ ohun tí ó dára. N kò mọ abẹ́ ibi tí n óò kọ "ẹ má bínú" sí.

Àlàrùba, 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbá. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wọn funfun. Ní òpin, àmì dọ́gba. Ọwọ́-Ọṣẹ nawọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò fún un. Ó dúró, ó jù ú láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé láì kan irin. Wọ́n borí. Wọ́n gbé e sókè. Fèrè fọn fèrè títí ó fi húkọ́.

N kò pàtẹ́wọ́. Kí ó tó jù ú, ó wo àga mi.

Mo ju Àáfà lọ ní ọjọ́ orí ní ìlọ́po méjì. Ọmọ náà kò pinnu nǹkan kan. Ó pààrọ̀ àgbà ni.

Mo wá dán ọmọ wò, mo sì sọ ìdáhùn fún un kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ bá ṣe èyí níwájú mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, òdo ni n óò fún un.

Àlàmísì, 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Abdulmumini ti gbọ́. Ó ní: "Mà, wọ́n ní láti ọ̀nà jíjìn ló ti jù ú wọlé."

Mo ní èmi ni mo jù ú.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀ pé mo máa ń ṣe àwàdà.

Mo ní kí ó fún mi ní àyè díẹ̀ sí i. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti ń fi ojú sí ọmọ Kàdúná. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tí ń bọ̀, ni òpin. Bí kò bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu mi ní ọjọ́ náà, wọn yóò mú ti Kàdúná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Èrèlé

Àáfà lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Kò sí ní pápá. Èmi náà jókòó sẹ́yìn igi kan, níbi tí a kò ti lè rí mi.

Ní òpin, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé bọ́ọ̀lù fún Zakari, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó fi oṣù díẹ̀ jù ú lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Èrèlé

Mo bẹ̀rẹ̀ ìròyìn náà lónìí. Ọwọ́, ó dára. Ojú, ó dára ju ti ẹnikẹ́ni tí mo kọ́ lọ. Ẹsẹ̀, ó yá. Ara, yóò kún. Sùúrù, ó ní in ju bí ó ṣe yẹ lọ. Mo dé orí ìbéèrè Abdulmumini — bóyá a lè kó ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Mo kọ: bí gbogbo àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ bá kéré sí i.

Mo wo gbólóhùn náà. Òótọ́ ni. Ó lè lé ọmọ náà padà sídìí àpò ọkà. N kò pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Èrèlé

Ọwọ́-Ọṣẹ wá bá mi nídìí àga. Ó lóṣòó. Ó ní: "Màmá, ẹ ti rí i."

Mo ní mo ti rí i.

Ó ní: "Èmi náà ti rí i tipẹ́. Mo ti gbìyànjú kí n má nawọ́. Bí mi ò bá nawọ́, á wá mi kàn níbi tí mo wà, á fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dá ẹrù padà fún ẹlẹ́rù."

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún un pé kí ó yé gbé e fún òun.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á gbọ́ràn. Ṣé ohun tí Àbújá ń wá nìyẹn?"

Ohun tí Àbújá ń wá kọ́ nìyẹn.

Èmi wà lórí àga, òun lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbà méjì, kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wa tí kò ní í di àṣẹ bí ó bá ti jáde.

Ó ní: "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó gbà á ju bí mo ṣe fún un lọ."

Mo ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ́gàríbì, ó dìde. Ó ní bóyá kí àwa méjèèjì kúkú máa ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ní ó ga jù fún ìyẹn. Ó ní òun yóò gbìyànjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Èrèlé

Àwọn ọmọ Ọ̀fà padà wá. Èrò pọ̀. Husseinat wá láti Ìpàtà, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí ó ku díẹ̀, àmì kan náà ni àwọn ọmọ Ọ̀fà tún fi ṣáájú. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wo àga mi.

Mo dìde. Mo yí àga náà padà. Mo jókòó, mo kọjú sí títì, níbi tí obìnrin kan ti ń din dùńdú. Mo wo dùńdú náà. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní: "Màmá, ibí ni eré wà o." Mo ní mo mọ̀.

Nítorí náà n kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ.

Bọ́ọ̀lù ń dún nílẹ̀. Ó dúró. Ó tún dún. Fèrè ń kígbe nǹkan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ohùn àwọn èrò ń ga. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí n kò gbọ́ rí láti ẹnu ọmọ náà:

"Gàní, kúrò ńbẹ̀."

Kò sí Àáfà. Kò sí ẹ jọ̀ọ́. Kò sí sà.

Ṣíbí obìnrin onídùńdú dúró lókè epo. Ó ní: "Ta ló ń pe Àáfà bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Lẹ́yìn náà, irin. Bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ayọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀fà.

Mo yí padà. Àáfà wà níbi tí a lé e lọ, ní ọ̀tún pátápátá. Ó ti kúrò lójú ọ̀nà bí a ṣe ní kí ó kúrò. Àwọn méjì tí ń ṣọ́ ọ ti bá a lọ. Iwájú apẹ̀rẹ̀ ṣófo. Ọ̀nà náà ni ọmọ náà gbà, ó jù ú, kò wọlé.

Ó ti kúnlẹ̀ níwájú Àáfà lórí sìmẹ́ńtì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ wọn. Fèrè kò fọn nǹkan kan. Husseinat ti fi ìborùn bo gbogbo ojú.

Orúnkún mi gbé mi dé ibẹ̀, n kò mọ bí ó ṣe ṣe é. Àáfà fà á dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀ bí a ṣe ń gbọn ọ́n fún ọmọdé. Ó ní: "O pẹ́ kí o tó pè mí."

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní: "Ó yẹ kó wọlé ṣá."

Mo ra dùńdú kí n tó wọ kẹ̀kẹ́. Mo ti wò ó pẹ́ jù láti máa lọ lásán.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Èrèlé

Abdulmumini pè. Ó bi mí bóyá wọ́n pàdánù. Mo ní wọ́n pàdánù. Toyyib ló ju èyí tó kẹ́yìn? Òun ni. Kò wọlé? Kò wọlé.

Ó ní ọmọ Kàdúná máa ń ju tirẹ̀ wọlé.

Mo ní kí ó mú Toyyib.

Ó ní kí n ṣàlàyé kí òun lè rí nǹkan sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Mo ka ìròyìn mi fún un. Ọwọ́, ojú, ẹsẹ̀, ara. Mo ti pa gbólóhùn ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: Ó rí ibi tí ó yẹ kí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún jù láyé dúró sí, ó sì lé e lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù jíjù, ẹ lè kọ́ ọ.

Abdulmumini ní: "Ṣé ìyìn nìyẹn, Mà?"

Mo ní rárá.

Ó ní àwọn yóò mú un.

Àlàmísì, 13 oṣù Èrèlé

Toyyib wá lónìí. Àbújá ní kí ó wọkọ̀ lọ́la. Ó gbé wàrà ìyá rẹ̀ wá, nínú ike kan náà. Ó gbóná. Ó lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ó wọlé. Ó wọlé, ó lóṣòó.

Ó ní: "Màmá, ṣé kí n lọ?"

N kò dáhùn.

Ó ní: "Mo bi Àáfà. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní Àáfà ní kí àwọn má dá mi lóhùn."

Mo wo ògiri. Kò sí nǹkan lára ògiri náà. Mo ní ìdáhùn lẹ́nu, ó wúwo, mo pa ẹnu mọ́ ọn. Ó dúró. Kẹ̀kẹ́ kọjá níta. Òmíràn kọjá. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ dún. Ó ti dìde, ó nàró tán.

Ó ní: "Mo ń lọ, Màmá."

Mo dúró títí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tán ní títì. Mo ṣí ike náà, mo jẹ wàrà náà. Ó ti tutù.